Bí Oníbàárà Bá Ṣubú ní Ṣọ́ọ̀bù Rẹ, Ta Ni Yóò Sanwó?

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo bá àwọn oníṣòwò kéékèèké àti oníṣẹ́ ọwọ́ sọ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí mo ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe tò ó síbí, àyàfi ibi tí iná ti lọ tí a dúró de jẹnẹrétọ̀.

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ̀yin ìyálọ́jà wa, ẹ kú ọjà, ọjà á tà o. Ẹ̀yin bàbá wa tí ẹ ti ṣọ́ọ̀bù pa nítorí ọ̀rọ̀ yìí, a ò ní fi òfò san án fún yín. Ẹ̀yin wẹ́dà, ẹ̀yin télọ̀, ẹ̀yin onídìrí, ẹ̀yin alásè, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ta fóònù àti zobo ní Under G, mo kí gbogbo yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, níbi tí wọ́n gbé ń jẹ̀kà kí wọ́n tó mùkọ yangan! Ó dájú pé ẹ ti jẹ tiyín kí ẹ tó wá, nítorí náà ẹ bá mi ta ẹni tó bá ń tòògbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín jí.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí inṣọ́ránsì. Bí mo ṣe pe orúkọ yẹn báyìí, mo rí ọwọ́ àwọn kan tó ti lọ sápò láti di ẹnu rẹ̀ mú. Ẹ fọkàn balẹ̀. Mi ò gbé fọ́ọ̀mù wá. Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi ta inṣọ́ránsì ní Ìbàdàn kí n tó padà wálé, mo sì ti fẹ̀yìn tì. Kò sẹ́ni tó máa fún mi ní kọ́míṣọ́ọ̀nù lórí yín. Ìtàn kan ni mo gbé wá, ojú sì ṣì ń tì mí láti sọ ọ́.

Màmá tó wá ra mílíìkì

Ìyàwó mi ní ṣọ́ọ̀bù pùrófíṣàn, kò jìnnà sí Táàkíè. Nígbà tí a ń tún un ṣe, mo ní kí wọ́n fi táìlì sílẹ̀, èyí tó ń dán bíi dígí. Ẹni tó ń lẹ̀ ẹ́ sọ fún mi pé, "Alàgbà, eléyìí máa ń yọ̀ bí omi bá kàn án o." Mo ní kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, màmá kan sá wọlé. Mílíìkì alágolo méjì ló fẹ́ rà. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé, kí ti òsì tó balẹ̀ ó ti yọ̀. Ohun tí a gbọ́ ni gbì! A sáré gbé e, kò lè dìde. Egungun ìbàdí rẹ̀ ló dá.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ta ló jẹ̀bi? Òjò ni? Màmá ni, tí kò wo ilẹ̀? Ìyàwó mi ni, tí kò tíì rí àyè nu omi? Àbí èmi, tí mo fi owó mi ra ohun tó ń yọ̀?

(Ẹnìkan láti ẹ̀yìn: "Èṣù ni!" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín.)

Ẹ ṣeun. Ẹ bá mi wá lọ́yà tó máa fi ìwé pe Èṣù lẹ́jọ́, kó sọ àdírẹ́sì tí wọ́n á kọ sí i.

A gbé màmá lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n ya ẹ́kísíréè, wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ni. Èmi dọ̀bálẹ̀, ìyàwó mi kúnlẹ̀, a bẹ àwọn ọmọ màmá. Ọmọlúàbí ni wọ́n. Wọ́n ní, "Ẹ dìde, sà, èèṣì ni." Ọjọ́ kìíní nìyẹn o. Ní ọjọ́ kẹta, iye owó iṣẹ́ abẹ dé. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọ màmá tó ń gbé Èkó wọlé, ó kí mi dáadáa, ó wá béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Bàbá, ṣé ṣọ́ọ̀bù yín ní inṣọ́ránsì?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi! Mo ti tà á fún ilé epo. Mo ti tà á fún ilé ìwé, fún ilé oúnjẹ, fún ẹni tó ń kọ́ ilé alájà mẹ́rin. Tèmi, kò sí. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Kí la fi san án? Ìdajì ọjà inú ṣọ́ọ̀bù, a tà á lówó pọ́ọ́kú. Owó èésú tí ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kó, ó lọ síbẹ̀. Ilẹ̀ kan tí mo rà ní ọ̀nà Ìlọrin, mo tà á fún ẹni tó mọ̀ pé owó ń jó mi lára. Ẹ̀bẹ̀ tí a bẹ̀ gbà wá lọ́wọ́ ìbínú ẹbí màmá, mo sì dúpẹ́. Àmọ́ ẹ̀bẹ̀ ò san kọ́bọ̀ nílé ìwòsàn.

Inṣọ́ránsì wo là ń sọ gan-an?

Ẹ gbọ́, Yorùbá pe inṣọ́ránsì ní adójútòfò. Orúkọ tó dùn ni, ohun tó ń dójú ti òfò. Ṣùgbọ́n orúkọ yẹn ti ṣi ọ̀pọ̀ wa lọ́nà. Bí a bá ti gbọ́ òfò, tiwa ni ọkàn wa ń sá lọ bá. Ṣọ́ọ̀bù mi jó. Olè kó ọjà mi. Ọkọ̀ mi já sí kòtò. Adójútòfò ti ìyẹn wà, ẹ rà á bí agbára yín bá gbé e. Òfò kan tún wà tó jẹ́ pé ẹlòmíràn ló bá, ìwọ ni gbèsè rẹ̀ ń wá. Ẹsẹ̀ màmá yẹn kì í ṣe ẹsẹ̀ mi, ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ mi ló ti yọ̀.

Inṣọ́ránsì tó ń gbé gbèsè bẹ́ẹ̀ ni mo wá bá yín sọ. Ní Amẹ́ríkà, General Liability ni wọ́n ń pè é. Ní Nàìjíríà, bí ẹ bá dé ọ́fíìsì wọn, ẹ ní Public Liability lẹ wá rà. Bí ohun tí ẹ ń ṣe bá jẹ́ jíjẹ, mímu, tàbí ìpara tí èèyàn ń fi pa ara, ẹ béèrè Products Liability mọ́ ọn. Àwọn Amẹ́ríkà sábà máa ń di méjèèjì sínú ìwé kan. Lọ́dọ̀ tiwa, wọ́n lè tà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹni tí kò bá béèrè á ra ọ̀kan, á sì rò pé òun ti ra méjèèjì.

Ta ló ní ọkọ̀ níbí? Ẹ nawọ́. Ó dáa. Ẹ ti ń ra àbúrò inṣọ́ránsì yìí láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ẹ ò kàn mọ̀ ni. Tẹ́ẹ̀dì pátì ni. Láti 1945 ni òfin rẹ̀ ti wà nílẹ̀ yìí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ₦15,000 ni ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti ara ẹni, ohun ìní ẹlòmíràn tí ọkọ̀ rẹ bá bàjẹ́ sì lè gba tó ₦3,000,000 lórí rẹ̀. Ṣé ọkọ̀ tìrẹ ni wọ́n máa bá ọ tún? Rárá. Ti ẹni tí o gbá ni. Ọkọ̀ rẹ ní tẹ́ẹ̀dì pátì, ṣọ́ọ̀bù rẹ ò ní. Ṣé ọkọ̀ nìkan ló ń ṣe èèyàn léṣe ni?

Bí owó náà ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ̀yin ẹlẹ́gbẹ́ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Bí òbí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá papò dà, gbogbo wa á dá owó. Ẹni tí òbí rẹ̀ wà láàyè kò ní sọ ní ìparí ọdún pé kí wọ́n dá ti òun padà. Kò sì sẹ́ni tó ń gbàdúrà kó kan òun kí òun náà lè jẹ ńbẹ̀. Èésú yàtọ̀. Owó rẹ ni èésú, yóò padà sọ́wọ́ rẹ. Owó inṣọ́ránsì, bí ọdún bá yí tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, ó ti lọ nìyẹn. Àwọn oníbàárà mi bá mi jà lórí èyí títí mo fi fẹ̀yìn tì, mi ò sì dá wọn lẹ́bi.

Ìgbín inú ìgò

Ẹ lè bi mí pé, ibo ni òfin ti rí i pé kí n san owó ẹsẹ̀ ẹni tí mi ò tì ṣubú? Ìtàn rẹ̀ gùn, ó sì dùn.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 1928, obìnrin kan tó ń jẹ́ May Donoghue wọ ilé oúnjẹ kan ní ìlú Paisley, ní Scotland. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ra ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò kan fún un, èyí tí wọ́n fi atalẹ̀ ṣe. Ìgò náà dúdú, ojú ò rí inú rẹ̀. Obìnrin yìí ti mu nínú rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ da ìyókù sí kọ́ọ̀pù, May ní ìgbín tó ti jẹrà ló bá a jáde.

Ìgbín o! Níhìn-ín, ẹni tó bá bá ìgbín nínú zobo lè rò pé èènì ni.

(Ẹ̀rín.)

Inú obìnrin náà dàrú, ó ṣàìsàn. Ó pe ẹni tó ṣe ohun mímu náà lẹ́jọ́, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Stevenson. Stevenson ní, kí ló kàn mí? Kì í ṣe ọwọ́ mi lo ti rà á. Kì í tiẹ̀ ṣe ìwọ lo sanwó rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ ni. Tẹ́ ẹ bá rò ó dáadáa, ẹjọ́ ọlọ́jà gidi ni. Ó tún ní, ẹni tí mo bá dúnàá-dúrà ni mo mọ̀.

Wọ́n jà á dé ilé ẹjọ́ tó ga jù ní London. Ní 1932, adájọ́ márùn-ún jókòó lé e, mẹ́ta gbè lẹ́yìn obìnrin náà, méjì takò ó. Èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú wọn ni Lord Atkin. Ẹ̀yin ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi tí ẹ pọ̀ níbí, ẹ máa dá ìbéèrè rẹ̀ mọ̀, torí inú Lúùkù orí kẹwàá ló ti mú un, níbi ìtàn aláàánú ará Samáríà: ta ni ẹnìkejì mi? Ìdáhùn tó fún un ni pé ẹnìkejì rẹ ni ẹni tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ súnmọ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi yẹ kó o ti ro tiẹ̀ kó o tó ṣe ohun tó o fẹ́ ṣe. Kò ní kó jẹ́ ẹni tó sanwó fún ọ. Kò ní kó o mọ orúkọ rẹ̀.

Àwa náà jogún òfin Gẹ̀ẹ́sì yìí, àwọn kóòtù wa sì ń lò ó títí di òní. Òfin tiwa lórí ẹ̀tọ́ oníbàárà, èyí tí wọ́n pe ọdún rẹ̀ ní 2018, tún fi kún un pé ẹni tó ṣe ọjà tàbí tó pín in kiri lè dáhùn fún ìpalára tí àléébù ọjà náà bá fà.

Ìwọ tó ń ṣe yógọ́ọ̀tì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH, ṣé o mọ orúkọ gbogbo wọn? Ìwọ wẹ́dà tó ń jó irin lẹ́bàá títì, ṣé o bá ọlọ́kadà tó ń kọjá dúnàá-dúrà ni kí iná rẹ tó ta sí i lójú? Ìwọ tó gbé pátákó ìpolówó ńlá sórí ṣọ́ọ̀bù, afẹ́fẹ́ á fẹ́ ní oṣù kẹta, ta ló mọ orí tó máa jábọ́ lé? Ìwọ onídìrí tó fi rìláasà sórí ọmọge, tó gba ìpè, tó gbàgbé aago? Gbogbo wọn lẹnìkejì yín.

Ohun tó gbé, àti ohun tí kò gbé

Ohun tó ń gbé ò ṣòroó sọ. Bí àìṣọ́ra iṣẹ́ rẹ bá pa ara ẹlòmíràn lára, tàbí tó ba ohun ìní rẹ̀ jẹ́, tí òfin sì ní kó o san án, ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì á san án dé ibi tí ìwé yín dé. Wọ́n tún máa ń gbé owó lọ́yà. Ẹ má fojú kékeré wo ìyẹn o, ẹjọ́ tó o bá jàre pàápàá, lọ́yà ò ní gbà á lọ́fẹ̀ẹ́.

Ibi tí ìwé yín dé ńkọ́? Ká ní wọ́n kọ ọ́ pé ₦5,000,000 ni òpin fún ìṣẹ̀lẹ̀ kan, pé ìwọ fúnra rẹ ni wàá sì kọ́kọ́ gbé ₦50,000. Mo kàn fi ń ṣàpèjúwe ni, kì í ṣe iye ilé-iṣẹ́ kankan. Bí ọ̀ràn tó jẹ́ ₦3,000,000 bá dé, ìwọ gbé ₦50,000, àwọn gbé ₦2,950,000. Bí ó bá jẹ́ ₦7,000,000, ibi ₦5,000,000 ni wọ́n máa dúró sí, ìyókù ń bọ̀ lọ́rùn rẹ. Iye tí wàá san lọ́dún á tẹ̀lé irú iṣẹ́ tó ò ń ṣe, bí ọjà rẹ ṣe ń tà tó, àti ibi tó o ní kí òpin náà wà. Onígáàsì ò lè san iye kan náà pẹ̀lú télọ̀.

Ohun tí kò gbé ló yẹ kí ẹ fi etí méjèèjì gbọ́.

Kò gbé ọjà tìrẹ. Kò gbé ohun tó o mọ̀ọ́mọ̀ ṣe. Kò gbé ọkọ̀, torí ọkọ̀ ní tirẹ̀. Kò gbé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ. Tiwọn wà lábẹ́ òfin 2010 lórí owó gbà-má-bínú òṣìṣẹ́, níbi tí agbanisíṣẹ́ ti ń san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún NSITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó náà. Ọ̀rọ̀ ọmọ iṣẹ́ wá wà láàárín, ọmọ tí wọ́n fi kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ, tí o ò san owó oṣù fún. Ṣé òṣìṣẹ́ ni àbí àlejò? Ilé-iṣẹ́ kan lè kà á báyìí, òmíràn kà á bọ́hùn-ún. Ẹ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ ìdáhùn náà sílẹ̀.

Èyí tó máa ń ká àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ lára jù rèé: ohun oníbàárà tó wà níkàáwọ́ rẹ. Télọ̀, áṣọ-òkè ìyàwó tí wọ́n gbé fún ọ rán, tí áyọ́ọ̀nù jó. Mẹkáníìkì, ọkọ̀ tí wọ́n gbé wá tún ṣe. Atúnfóònù-ṣe, fóònù ọgbọ̀n tó wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ. Ọ̀pọ̀ ìwé Public Liability ló máa ń yọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, torí lójú tiwọn, ohun tó ti wà lọ́wọ́ rẹ ti dà bíi tìrẹ. Ẹ lè ní kí wọ́n fi kún un, ẹ ó fowó lé e. Ṣùgbọ́n bí ẹ ò bá béèrè, wọn ò ní rán yín létí rẹ̀. Mo ti rí télọ̀ tó sunkún ní ọ́fíìsì mi lórí léèsì ẹlòmíràn, mo sì mọ̀ nínú ọkàn mi pé èmi ló yẹ kí n ti sọ fún un.

Òfò mìíràn sì wà tí inṣọ́ránsì kankan ò fẹ́ fọwọ́ kàn. Bàbá mi wà lára àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti Gánà dé lẹ́yìn àṣẹ tí ìjọba Busia níbẹ̀ fi lé àwọn àjèjì jáde ní oṣù kọkànlá 1969. Àpótí kan ló gbé dé, ṣọ́ọ̀bù tó fi ọdún méjìdínlógún kọ́ wà lọ́hùn-ún. Ẹ̀yin tí ẹ ti irú ilé bẹ́ẹ̀ wá pọ̀ níbí. Ogun àti àṣẹ ìjọba, wọ́n sábà máa ń yọ wọ́n kúrò nínú ìwé. Mo sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà sọ fún yín pé inṣọ́ránsì ń gbé ohun gbogbo.

Ẹ̀yin onílé tí ẹ kọ́ họ́sítẹ́ẹ̀lì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí n má gbàgbé yín. Tiyín kì í ṣe bó-bá-wù-mí. Òfin inṣọ́ránsì 2003 ti ka ilé tí ayálégbé ń gbé àti ilé tí ará ìlú ń wọ̀ fún òwò mọ́ ilé tí ó gbọ́dọ̀ ní inṣọ́ránsì. Òfin tuntun tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní 2025 ló wá rọ́pò ti 2003 yẹn, ó sì túbọ̀ fi ọwọ́ líle mú àwọn inṣọ́ránsì ọ̀ranyàn.

Pẹ̀lẹ́ àti ẹ̀bi

Ẹ jẹ́ kí n jókòó ti èyí díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àṣà wa àti ìwé wọn ti ń forí gbárí. Inú ìwé Public Liability, ẹ ó rí ìlà kan tó sọ pé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, má gba ẹ̀bi, má ṣèlérí owó, má bá ẹnikẹ́ni parí ọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ilé-iṣẹ́ fọwọ́ sí i. Owó wọn ló máa jáde, wọ́n sì fẹ́ wádìí kó tó jáde.

Ẹ wá wo Yorùbá. Bí àlejò bá fẹsẹ̀ kọ nínú ilé rẹ, kí lo máa kọ́kọ́ sọ?

(Gbogbo ilé: "Pẹ̀lẹ́!")

Pẹ̀lẹ́. Ṣé ìwọ lo gbé òkúta síbẹ̀? Rárá. Bó bá wá kán lẹ́sẹ̀ ńkọ́? Wàá dọ̀bálẹ̀, wàá ní, "Ẹ foríjì mí, èmi ni mo fà á, gbogbo owó tẹ́ ẹ bá ná, ọrùn mi ló wà." Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín wa, aláìlójútì ni wọ́n máa pè é.

Alásè kan wà lára àwọn oníbàárà mi ní Ìbàdàn, obìnrin tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dójú àmì. Níbi ìnáwó kan, ìkòkò ọbẹ̀ gbígbóná yí dà sí ọmọdébìnrin kan lára. Alásè yìí kúnlẹ̀, ó sunkún. Nígbà tí wọ́n dé tẹ́ṣàn, wọ́n gbé bébà fún un, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun lòún jẹ̀bi, pé òun á san gbogbo owó títí ara ọmọ á fi dá. Ó fọwọ́ sí i. Ọjọ́ kọkànlá ló tó pè mí. Ilé-iṣẹ́ náà, mi ò ní dárúkọ wọn, sọ pé ó ti parí ọ̀rọ̀ lẹ́yìn àwọn. A fi oṣù mẹ́jọ jiyàn. Ohun tí wọ́n san nígbẹ̀yìn ò tó ìdajì.

Èmi ò gbà pé wọ́n ṣe dáadáa sí obìnrin yẹn. Àwọn tó kọ irú ìlà bẹ́ẹ̀ ò mọ ohun tí ẹ̀bẹ̀ jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀bẹ̀ Yorùbá kì í ṣe ìjẹ́wọ́. Ìtùnú ni. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ ń sọ pé mo rí ìrora yín, ẹ má jẹ́ kó di ìjà. Ṣùgbọ́n ìlà yẹn ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀yin lẹ sì máa fọwọ́ sí i.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ sọ pé pẹ̀lẹ́. Ẹ kúnlẹ̀ bó bá yẹ kí ẹ kúnlẹ̀. Ẹ gbé ẹni náà lọ sílé ìwòsàn kíá, ẹ gba rìsíìtì ohun tí ẹ bá san. Ẹ lọ kí i lọ́la, ẹ mú ọsàn dání. Gbólóhùn méjì ni kí ẹ gbé mì: "èmi ni mo jẹ̀bi" àti "mo máa san gbogbo rẹ̀." Ẹ má kọ ọ́ síwèé, ì báà jẹ́ ní tẹ́ṣàn, ì báà jẹ́ lọ́dọ̀ baálẹ̀. Ẹ sọ fún ẹbí rẹ̀ pé, "A ní inṣọ́ránsì, a ti pè wọ́n, wọ́n ń bọ̀ wá bá yín." Kí ẹ sì ti pè wọ́n lóòótọ́, lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ fi fóònù ya ibẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbá a. Ẹ gba nọ́ńbà ẹni tó rí i.

Fọ́ọ̀mù, rìsíìtì, àti ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́

Mo rí i pé àkókò ń lọ, màá yára.

Ẹ má purọ́ nínú fọ́ọ̀mù. Ọkùnrin kan kọ ọ́ sínú tiẹ̀ pé pùrófíṣàn lòún ń tà. Bẹ́ẹ̀ ni, pùrófíṣàn ló wà níwájú. Lẹ́yìn, kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù ló tò síbẹ̀ fún àwọn ọlọ́kadà. Iná ṣẹ́ yọ, ó jó ṣọ́ọ̀bù méjì mọ́ tiẹ̀. Àwọn tó wá ṣèwádìí wo àmì tó wà lára ògiri lẹ́yìn, wọ́n pa ìwé wọn dé. Wọn ò san nǹkan kan, òfin sì gbè wọ́n. Bó bá jẹ́ pé ó sọ ọ́ ni, wọn ì bá fi owó lé tirẹ̀, tàbí kí wọ́n ní kó kó kẹ́ẹ̀gì kúrò.

Ẹ má ra inṣọ́ránsì ní àwìn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2013 ni NAICOM, àjọ ìjọba tó ń bójú tó wọn, ti ń di òfin náà mú gírí pé bí owó ò bá tíì wọlé, inṣọ́ránsì ò tíì sí. "Màá san án lọ́jọ́ ọjà" ò sí ńbẹ̀. Àkáǹtì ilé-iṣẹ́ ni kí ẹ sanwó sí, kì í ṣe ọwọ́ ejẹ́ǹtì, kódà bó bá jẹ́ àbúrò ìyá yín. Kí ẹ sì wádìí lọ́dọ̀ NAICOM pé ilé-iṣẹ́ náà ní ìwé àṣẹ. Bí wọ́n bá ń fi kíléèmù yín, ìyẹn owó òfò tí ẹ ní kí wọ́n san, jáfara, NAICOM yìí náà ni kí ẹ kọ̀wé sí.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí tí inṣọ́ránsì ń kọ lóminú nítorí èlé, tàkáfù wà, ìyẹn inṣọ́ránsì tí wọ́n ń ṣe ní ìlànà Ìsìláàmù. Láti 2013 ni NAICOM ti gbé ìlànà rẹ̀ jáde. Ẹ bi àwọn alùfáà yín. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń wí nínú ọkàn yín pé "Ọlọ́run ò ní jẹ́," àmín. Èmi náà ń ṣe é. Mo ṣe é ní àárọ̀ ọjọ́ tí màmá ṣubú.

Màmá ṣì wà o. Ọ̀pá ló fi ń rìn. A ti tú táìlì yẹn, sìmẹ́ǹtì lásán ló wà níbẹ̀ báyìí, kò dán rárá. Ìyàwó mi gbé àga kan sẹ́nu ọ̀nà fún màmá, ó ṣì ń wá ra mílíìkì alágolo méjì rẹ̀. Bó bá ti jókòó tán, á wo ilẹ̀, á wò mí, á ní, "Bàbá inṣọ́ránsì, ṣé o ti wá ra tìrẹ?" Mo ti fi rìsíìtì rẹ̀ há ògiri níbi tí ojú rẹ̀ á ti tó o. Ó ní ojú òun ò ríran kàwé mọ́, kí n kà á fún òun. Ọdọọdún tí mo bá san án, mo máa ń kà á fún un.

Ẹ̀yin wẹ́dà tí ẹ ti ń nawọ́ láti ìgbà tí mo ti dárúkọ iná, ó yá, ẹ gbé makirofóònù fún wọn.